Owó Wọlé Kíá, Ó Kọ̀ Kò Jáde: Bí Owó Ṣe Ń Rìn Nínú Kasínò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì fún Ẹni Tó Ń Gbé ní Ọsirélíà

Aago méje àárọ̀ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí Àǹtí kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ní ìwọ̀-oòrùn Melbourne kan ilẹ̀kùn mi. Iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn tó fi na fóònù sí mi. "Àbúrò mi, bá mi wo nǹkan yìí. Ó di ọjọ́ kọkànlá lónìí."

Dọ́là Ọsirélíà 1,840 ló wà lójú fóònù náà, owó tó jẹ nínú kasínò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ṣì ń yẹ ìbéèrè rẹ̀ wò. Bọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó tóbi ju gbogbo ohun yòókù lọ, ó ní kí ó fagi lé owó tó fẹ́ gbà, kí ó máa ta tẹ́tẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti dá fọ́tò ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ padà. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní etí káàdì kò hàn. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní iná ta sí i. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọn ò tilẹ̀ sọ ìdí. Nígbà tó fẹ́ san owó sí i ńkọ́? Kò pé ìṣẹ́jú kan, kò sì sẹ́ni tó bi í ní ọmọ ta ni.

Mo ní kó ní sùúrù títí di ọjọ́ kejì ká jọ kọ̀wé sí wọn. Òru ọjọ́ yẹn ló tẹ bọ́tìnì náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kò ku kọ́bọ̀.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, sítéètìmẹ́ńtì báǹkì ni mo sì ń kà láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ Àǹtí ni mo ń rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn: ọ̀nà ìwọlé ni wọ́n ń wò, wọn kì í bi ara wọn pé ibo ni owó yìí máa gbà jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi to ọ̀rọ̀ yìí ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, fún àwọn ènìyàn wa tó wà ní Ọsirélíà, yálà ẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì tàbí awakọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ fún lówó

Láti ọdún 2001 ni òfin tó de tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà ní Ọsirélíà. Interactive Gambling Act ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì tún un ṣe ní 2017. Òfin náà ní kí ilé-iṣẹ́ kankan má ṣe gbé kasínò orí íntánẹ́ẹ̀tì síwájú ẹni tó ń gbé ní Ọsirélíà, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń pè ní pokies, ì báà jẹ́ roulette tàbí blackjack. Ohun tó fàyè gbà ni tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù àti àwọn eré ìdárayá mìíràn, tẹ́tẹ́ ẹṣin, àti lọ́tìrì, bó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó gba láísẹ́ǹsì níbẹ̀ ló ń ṣe é. Northern Territory ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gba láísẹ́ǹsì tiwọn.

Òfin yìí kì í mú ẹni tó ta tẹ́tẹ́, ẹni tó gbé kasínò kalẹ̀ ló ń mú. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú. Wọ́n gbọ́ pé àwọn kò rú òfin, wọ́n wá rò pé òfin wà lẹ́yìn àwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí kasínò tó gba láísẹ́ǹsì ní Curaçao, erékùṣù kan lókè òkun, bá di owó yín mú, kò sí ọ́fíìsì kan ní Canberra tàbí ní Sydney tó lè fi tipá gbà á fún yín.

Àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni ACMA. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2019 ló ti ń sọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n dí ojú àwọn ìkànnì tẹ́tẹ́ tó lòdì sófin, àwọn tí wọ́n sì ti dí ti lé ní 1,000. Ẹ rò ó wò: ẹ ní 600 dọ́là nínú ìkànnì kan lónìí, wọ́n dí i lọ́la, ó tún yọjú ní ọ̀tunla pẹ̀lú orúkọ kan náà àti nọ́ńbà kan tí wọ́n fi kún àdírẹ́sì rẹ̀. Ṣé ó dá yín lójú pé owó yín bá a kó lọ sí ilé tuntun?

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ ṣí ìkànnì ACMA, kí ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó ní láísẹ́ǹsì. Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Àwòrán kangaroo àti àsíá Ọsirélíà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ìwé kì í ṣe láísẹ́ǹsì. Bí ẹ kò bá bá orúkọ wọn níbẹ̀, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má fi owó sí i rárá. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ṣì fi sí i, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ti fi sí i kí wọ́n tó ka èyí. Nítorí wọn ni mi ò ṣe ní dúró síbí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ibi tí yóò já yín sí

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú káàdì. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ gba káàdì kírẹ́díìtì mọ́, kò sì gbọdọ̀ gba kírípítò, ìyẹn owó orí kọ̀ǹpútà irú Bitcoin. Kódà bí ẹ bá fi káàdì kírẹ́díìtì náà pamọ́ sínú Apple Pay, òfin yìí ká a mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ìtanràn ilé-iṣẹ́ tó bá tàpá sí i lè tó dọ́là 234,750. Lọ́tìrì àti keno, eré nọ́ńbà tó jọ lọ́tìrì, nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹ fi èyí ṣe òṣùwọ̀n: ìkànnì tẹ́tẹ́ tó bá ń sọ fún yín pé "ẹ mú káàdì kírẹ́díìtì yín wá, ẹ mú Bitcoin yín wá" ti jẹ́wọ́ fún yín pé òun kò sí lábẹ́ òfin yẹn.

Owó tí káàdì kírẹ́díìtì ń jẹ tún wà níbẹ̀. Bí ẹni tó lọ gba owó lọ́wọ́ ẹ̀rọ ATM ni báǹkì máa ń ka owó tẹ́tẹ́ sí. Wọ́n á gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀, èlé á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà gan-an, láìsí àwọn ọjọ́ àánú tí ẹ máa ń rí bí ẹ bá fi káàdì náà ra ìrẹsì. Bí kasínò náà bá wà lókè òkun, báǹkì tún lè bu nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 lé e.

Káàdì débíìtì sàn jù, nítorí owó tó jẹ́ ti yín lẹ fi ń ná. Ó tún ní àǹfààní kan tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbàgbé: owó tó bá gba orí káàdì lọ sí ilé tẹ́tẹ́ sábà máa ń gbé nọ́ńbà 7995 dání, òun ni báǹkì fi ń mọ̀ pé tẹ́tẹ́ ni. A ó padà sórí nọ́ńbà yìí. Ṣùgbọ́n ti ìjáde kò dùn tó ti ìwọlé. Ọ̀pọ̀ kasínò òkè òkun kì í dá owó padà sórí káàdì. Bí ẹ bá jẹ owó tán ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹ mú àkáǹtì báǹkì wá, kí ẹ sì dúró de owó tó máa gba báǹkì méjì tàbí mẹ́ta kọjá, tí oníkálukú wọn á bu tirẹ̀.

PayID ni èyí tí àwọn ènìyàn ń lò jù báyìí, òun náà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Láti oṣù kejì ọdún 2018 ló ti wà. Kò ṣe ju pé kí ẹ so nọ́ńbà fóònù tàbí ímeèlì yín mọ́ àkáǹtì báǹkì, kí ẹni tó fẹ́ fowó ránṣẹ́ sí yín má baà máa há nọ́ńbà àkáǹtì sórí. Owó ń dé kíákíá, tọ̀sán-tòru, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Àìkú, àyàfi pé báǹkì lè dá owó àkọ́kọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tuntun dúró fún nǹkan bí ọjọ́ kan. Kì í ṣe áàpù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ń kọ̀wé sí ènìyàn. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ̀wé sí yín ní orúkọ "PayID" pé kí ẹ san owó kí àkáǹtì yín lè gba owó, olè ni.

Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ ni pé ó ń fi orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì hàn yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ ka orúkọ náà! Bí ẹ bá ń san owó fún ilé-iṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì, orúkọ ilé-iṣẹ́ ni ẹ máa rí. Mo ti rí èyí tó jẹ́ pé orúkọ ọmọkùnrin kan ló jáde ní ọjọ́ Ajé, ti obìnrin kan ní ọjọ́rú, ti ilé-iṣẹ́ tó ń fọ ilé ní ọjọ́ Ẹtì, bẹ́ẹ̀ kasínò kan ṣoṣo ni. Àkáǹtì àyálò nìyẹn. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ síbẹ̀ kò gbé nọ́ńbà 7995 dání, bí ìgbà tí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ló rí lójú báǹkì. Bí ìjà bá sì dé, ìwé yín kò ní sọ pé ẹ san owó fún kasínò kankan.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àkáǹtì àyálò bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ọmọ òkèèrè tó fẹ́ padà sílé, tí ẹnìkan sì fi ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là ra àkáǹtì báǹkì rẹ̀. Ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Ọsirélíà ti kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Orúkọ yín ló wà lórí àkáǹtì náà, ẹ̀yin ni wọ́n á sì wá.

BPAY, ọ̀nà tí a fi ń san owó bíìlì láti inú áàpù báǹkì, kò ní wàhálà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń tó ọjọ́ iṣẹ́ kan kí owó tó dé, kò sì sí gbígba owó jáde lórí rẹ̀. POLi, tó máa ń gba inú àkáǹtì báǹkì yín san owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti kógbá wọlé ní Ọsirélíà láti ìparí oṣù kẹsàn-án 2023. Bí ìkànnì kan bá ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ hàn yín, tó sì ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù báǹkì, ẹ sá. Fọ́ṣà tí ènìyàn ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, irú Neosurf, dára fún ẹni tí kò fẹ́ kí owó tó ná kọjá iye tó rà, àmọ́ ìwọlé nìkan ló wà fún lọ́pọ̀ ibi. Ẹ máa tún wá ọ̀nà mìíràn bí owó bá fẹ́ jáde.

Kírípítò ni èyí tí mo bẹ̀rù jù fún àwọn ènìyàn wa. Òótọ́ ni pé ó yá. Ṣùgbọ́n bó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, kò sí báǹkì tó lè pè é padà. Ẹ wo àṣìṣe kan ṣoṣo: USDT, kírípítò tí wọ́n so mọ́ iye dọ́là Amẹ́ríkà, ń rìn lórí oríṣiríṣi nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àdírẹ́sì ti Tron ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà T, ti Ethereum ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x. Bí ẹ bá yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kì í ṣe ti àpò tí owó náà ń lọ, ó lè di àwátì. Bí ẹ bá sì lẹ àdírẹ́sì sójú ìwé, ẹ fi lẹ́tà mẹ́fà àkọ́kọ́ àti mẹ́fà ìkẹyìn wé èyí tí ẹ dà kọ, torí àwọn kòkòrò orí kọ̀ǹpútà kan wà tó máa ń fi àdírẹ́sì olè rọ́pò tiyín. Ẹ má sì gbàgbé pé títa kírípítò ní Ọsirélíà jẹ́ ohun tí ọ́fíìsì owó-orí ń ṣírò, bí owó tí ẹ jẹ nínú tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ kò bá tilẹ̀ ní owó-orí nínú fún ẹni tí kò fi ṣe iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣírò bónọ́ọ̀sì kí ẹ tó gbà á

Èyí ló ń di owó mú ju ohunkóhun lọ. Ká ní ẹ san 200 dọ́là, wọ́n fi 200 kún un, wọ́n wá kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké pé ẹ gbọ́dọ̀ fi àpapọ̀ rẹ̀ ta ní ìlọ́po 40 kí ẹ tó lè gba owó jáde. Àpapọ̀ jẹ́ 400. Ìlọ́po 40 rẹ̀ jẹ́ 16,000. Ìyẹn ni pé tẹ́tẹ́ tí ẹ máa ta kí ilẹ̀kùn tó ṣí tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún dọ́là. Bí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ náà bá ń dá 96 padà nínú 100 lápapọ̀, 4 nínú 100 ló ń jẹ. Ìdá 4 nínú 100 ti 16,000 jẹ́ 640. Ẹ ní 400 lọ́wọ́, ẹ sì ní láti la ohun tó ń jẹ 640 kọjá. Kí ló kù tí a fẹ́ gbà jáde?

Nítorí náà, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń kọ bónọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí ẹ tó san owó, kí ẹ sì kọ̀ ọ́. Ibòmíràn, fúnra rẹ̀ ló máa lẹ̀ mọ́ owó yín bí ẹ kò bá yọ àmì rẹ̀ kúrò. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n fi òté lé iye tí ẹ lè gbà lọ́sẹ̀. Ẹni tó jẹ 10,000 níbi tí wọ́n ti ń san 500 lọ́sẹ̀ máa dúró fún ogún ọ̀sẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ìkànnì náà á ṣì wà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi ìwé yín sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì dán ìjáde wò

Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 2024, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ẹ jẹ́ kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún yín. AUSTRAC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó ẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ló pa á láṣẹ. Kasínò òkè òkun ń ṣe òdìkejì rẹ̀: ìgbà tí owó bá fẹ́ jáde ni wọ́n ń rántí pé àwọn ò mọ̀ yín.

Ẹ fi ìwé ìwakọ̀ tàbí ìwé ìrìnnà ránṣẹ́ kí ẹ tó san ohunkóhun. Orúkọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti báǹkì mu láìku lẹ́tà kan. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gan-an: ẹni tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ ń jẹ́ Oluwaseun, tí báǹkì mọ̀ sí Seun, tó sì fi orúkọ ọkọ ṣí àkáǹtì tẹ́tẹ́, ti fún wọn ní ìdí láti di owó òun mú. Bí ẹ bá ń ya káàdì báǹkì, ẹ bo nọ́ńbà àárín rẹ̀, kí ẹ sì bo nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn pátápátá. Kò sí ilé-iṣẹ́ gidi tó nílò rẹ̀ nínú fọ́tò.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi owó táṣẹ́rẹ́ sí i, ká ní 20 dọ́là, ẹ ta èyí tí òfin wọn bá ní kí ẹ ta nínú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìyókù padà. Bí 20 dọ́là bá gba ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ti rí ìdáhùn yín ní owó pọ́ọ́kú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ẹ bá ti béèrè owó, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́

Ẹ ya àwòrán ojú fóònù ní ìṣẹ́jú tí ẹ béèrè, kí iye, ọjọ́ àti nọ́ńbà ìbéèrè hàn. Ẹ jáde kúrò lórí ìkànnì náà. Ẹ yọ áàpù rẹ̀ kúrò lórí fóònù títí owó yóò fi dé. Bọ́tìnì aláwọ̀ ewé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni. Ẹni tó ń dúró de owó ní òru, tí àárẹ̀ ti mú, ni wọ́n ń dẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí owó bá há

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ kọ ímeèlì sí wọn, ẹ má fi mọ sórí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá wọn sọ lójú ìkànnì, torí èyí lè pòórá. Ẹ kọ iye, ọjọ́, àti ìwé tí ẹ ti fi ránṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n tọ́ka sí ìlànà tí wọ́n fi di owó náà mú. Bí ó bá ní láísẹ́ǹsì ní Ọsirélíà, ẹ gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ àjọ tó fún un ní láísẹ́ǹsì; ti Northern Territory ní ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Bí kò bá ní, ẹ fi tó ACMA létí. Wọn ò lè gba owó náà fún yín, ṣùgbọ́n wọ́n lè ní kí wọ́n dí i kí ẹlòmíràn má baà kó sí i. Bí báǹkì yín ló ṣe àṣìṣe, AFCA ń gbọ́ ẹjọ́ báǹkì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ìwé ìrìnnà yín bá ti bọ́ sọ́wọ́ wọn, tí ọkàn yín ò balẹ̀, ẹ pe IDCARE, àwọn tó ń ran ẹni tí wọ́n jí ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn náà kì í gba owó.

Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san "owó-orí" tàbí "owó ìtúsílẹ̀" kí owó yín tó jáde, ẹ má dá a lóhùn mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá wá bá yín lórí WhatsApp pé òun á bá yín gba owó padà. Àwọn tó ja ènìyàn lólè máa ń ta orúkọ rẹ̀ fún àwọn olè kejì.

Ìgbésẹ̀ keje: títi ilẹ̀kùn

Àǹtí padà wá ní ọjọ́ Sátidé, a jókòó sí tábìlì ìdáná. A ṣí áàpù báǹkì rẹ̀, a wá ibi tí wọ́n ti ń dí tẹ́tẹ́ lórí káàdì. CommBank, NAB, Westpac àti ANZ ló ní irú rẹ̀. Nọ́ńbà 7995 ni ohun ìdènà yẹn ń wò, owó tó bá sì gbé e dání kò ní kọjá. Ní àwọn báǹkì kan, bí ẹ bá fẹ́ ṣí i padà, ẹ máa dúró fún wákàtí 48, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

A tún forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní BetStop, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba fún ẹni tó fẹ́ kí wọ́n má gba tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ òun mọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 2023. Ọ̀fẹ́ ni. Oṣù mẹ́ta ló kéré jù, ó sì lè jẹ́ títí láé. Kò sí ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí orí fóònù tó ní láísẹ́ǹsì tó gbọdọ̀ gba owó yín mọ́, wọn ò sì gbọdọ̀ fi ìpolówó ránṣẹ́ sí yín. Mo sọ fún un pé BetStop kò ká kasínò òkè òkun mọ́, àti pé ohun ìdènà báǹkì kò lè rí PayID. Nítorí náà, a dín iye tó lè fi ránṣẹ́ lójúmọ́ kù sí 200 dọ́là, ó sì ní kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe pásíwọ́ọ̀dù áàpù náà, kí ó fi sọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá ó lè bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ tí kò ní sọ fún ará ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fún un ní nọ́ńbà ìrànwọ́ lórí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́, 1800 858 858, tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láìgba owó. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé àkókò iṣẹ́ òru rẹ̀, ó ká a, ó fi sápò aṣọ iṣẹ́.